Ẹ Mí àti Ẹ̀mí

Ìyàwó mi kì í gbọ̀n bí Ẹ̀mí bá bà lé e. Ẹni tó bá ti jókòó rí ní ìjọ Aládùúrà mọ bí ó ti máa ń rí: ẹlòmíràn á máa fò, ẹlòmíràn á máa yí gbirigbiri nílẹ̀, ẹlòmíràn á máa sọ èdè tí ìyá rẹ̀ kò kọ́ ọ. Tirẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí orin bá ti lọ sílẹ̀, tó wá ku ohùn kan ṣoṣo tó ń wí pé "Ẹ̀mí, Ẹ̀mí," ńṣe ni ara rẹ̀ máa ń rọ̀. Ìka ọwọ́ rẹ̀ á ṣí, ètè rẹ̀ á ṣí díẹ̀, ìpéǹpéjú rẹ̀ á máa gbọ̀n bí ewé tí afẹ́fẹ́ díẹ̀ kàn, gbogbo ara yòókù á sì dúró jẹ́ẹ́. Á dúró débi pé àlejò tó bá wà láàárín wa á rò pé obìnrin náà ti kú. Àwọn ìyá ìjọ á ta aṣọ funfun bò ó, gbogbo wa á sì dúró dè é. Bó bá padà dé, á sọ ohun tó gbọ́. Aríran ni. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn lọ́jọ́ Ìsinmi.

Ní ọjọ́ tó kù láàárín ọ̀sẹ̀, gàrí ló ń yan. Lẹ́yìnkùlé wa ní Aládé, lábẹ́ páànù kan tí mo fi igi gbé dúró, ibẹ̀ ló máa ń jókòó sí, tó kọjú sí agbada, tó kẹ̀yìn sí òkè àpáta ìlú wa. Èmi wà lóko kòkó. Ní àsìkò òjò, igi ìdáná kì í gbẹ nílùú wa. Ìkùukùu tó ń ti orí àpáta sọ̀kalẹ̀ láàárọ̀ máa ń mú kí gbogbo nǹkan rin. Igi tútù kì í jó, èéfín ló ń rú. Ìyàwó mi á bẹ̀rẹ̀, á fi ẹnu fẹ́ ẹ, á fẹ́ ẹ títí ojú rẹ̀ á fi pọ́n. Bí mo bá wà nílé, tí mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, èmi ni mo máa ń kígbe sí i pé iná ń kú o, kó fẹ́ná. Òun náà á dáhùn pé ẹni tó jókòó ló máa ń rí iná tó ń kú, pé kí n dìde wá fi ẹnu tèmi fẹ́ ẹ. Eré wa nìyẹn láti ìgbà tí àwọn ọmọ ti wà ní kékeré.

Ikọ́ rẹ̀ kò dé lọ́jọ́ kan. Ó yọ́ wọlé bí àlejò tó ní omi lásán lòun fẹ́ mu, tó wá ń béèrè ibi tí òun máa sùn sí. Ó kọ́kọ́ jẹ́ ikọ́ òwúrọ̀. Nígbà tó yá, ó ń dá àdúrà mọ́ ọn lẹ́nu. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ikọ́ rẹ̀ ti ń ṣe àmín kí olórí ìjọ tó parí ọ̀rọ̀. Nígbà tó tún yá, kò lè ti ilé wa dé ẹ̀bá títì láìdúró gbá igi mú. Dókítà kan nílùú wa gbọ́ àyà rẹ̀, ó béèrè bóyá ó máa ń mu sìgá. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín débi tí ikọ́ fi gbé e. Dókítà ní èéfín ni èéfín ń jẹ́, pé ẹ̀dọ̀fóró kò mọ èyí tó ti inú tábà wá yàtọ̀ sí èyí tó ti abẹ́ agbada wá. Ó ní kó fi gàrí sílẹ̀. Ó fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti kọjá ibẹ̀.

Ọyẹ́ ọdún kan wá mú gan-an. Eruku bo òkè débi pé a kò rí orí rẹ̀. Ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í sùn. Ó ń sùn nídìí oúnjẹ, ó ń sùn lẹ́nu ọ̀rọ̀, bí a bá bi í ní ohun kan, òmíràn ni yóò fi dáhùn. Àwọn ìyá ìjọ wá kí i, wọ́n wò ó, wọ́n sì ta aṣọ funfun bò ó. Wọ́n ní ìran ńlá ló wà lójú rẹ̀, pé kí ẹnikẹ́ni má jí i. Èmi náà gbà wọ́n gbọ́. Ọmọ wa obìnrin, àkọ́bí wa, tó ń ṣe tíṣà ní Àkúrẹ́, ló wọlé bá wa níbẹ̀. Ó ṣí aṣọ náà. Ó wo ìyá rẹ̀, ó wò mí.

"Bàbá, èyí kì í ṣe ìran. Ẹ wo ètè wọn."

Ètè rẹ̀ ti dúdú bí aró. Mo ti ń wò ó látàárọ̀, mi ò rí i.

Takisí kan gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn ní Àkúrẹ́. Dókítà tó gbà wá kéré lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ó ní sùúrù. Ó ní ènìyàn máa ń fa afẹ́fẹ́ tuntun sínú, á lò ó, á tú àlòkù síta. Pé ẹ̀dọ̀fóró ìyàwó mi ti le bí awọ àtijọ́, kò lè tú àlòkù náà síta mọ́, òun ló kún inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tí oorun fi ń kùn ún. Ó ní bí a bá fi í sílẹ̀ nínú oorun yẹn, kò ní í jí. Wọ́n kọ́kọ́ de ìbomú kan mọ́ ọn lójú, tí ẹ̀rọ ń fi agbára fẹ́ afẹ́fẹ́ gba inú rẹ̀. Ó já a dànù. Wọ́n tún dè é, ó tún já a. Nígbà tí kò já a mọ́, inú mi dùn, mo rò pé ara rẹ̀ ti gbà á. Dókítà ní àìjá a yẹn gan-an ló burú. Wọ́n fún un lóògùn oorun, wọ́n ti rọ́bà bọ̀ ọ́ lẹ́nu gba ọ̀nà ọ̀fun, wọ́n so rọ́bà náà mọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní fẹntiléétọ̀.

Mo ti dàgbà. Mo ti rí kí a bá ènìyàn gbé ẹrù, kí a bá a sunkún, kí a bá a rojọ́, kí a tilẹ̀ bá a gba ẹ̀bi tó jẹ́ tirẹ̀. Mi ò rí kí a bá ènìyàn mí rí. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, mo ń wo àyà ìyàwó mi tó ń lọ sókè sódò, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe òun. Èmi tí mo ti ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ èémí yẹn láti ìgbà èwe, mo mọ bó ṣe ń rìn. Tirẹ̀ máa ń kọsẹ̀ díẹ̀ kó tó jáde. Ti ẹ̀rọ kò kọsẹ̀. Ó ń lọ geere bí alágbàṣe tí kò mọ onílé.

Nọ́ọ̀sì kan wà tó ń tọ́jú rẹ̀ lọ́sàn-án, ọmọ ilẹ̀ Ẹdó, ẹnu iṣẹ́ ló ti gbọ́ Yorùbá. Ó gbọ́ ọ dáadáa, ṣùgbọ́n ohùn ọ̀rọ̀ kì í dúró lẹ́nu rẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ pàdé rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ̀yin ni ọkọ̀ màmá?"

Mo ní, "Èmi ni, ọmọ mi. Ó ti pẹ́ tó ti ń wọ̀ mí. Táyà ló ti jò."

Ọmọ mi gbé ojú sápá kan, ẹ̀rín fẹ́ pa á. Nọ́ọ̀sì náà kò mọ ohun tí à ń rín, ṣùgbọ́n ó bá wa rín in. Ó wù mí láti ọjọ́ náà. Á nu ẹnu ìyàwó mi, á yí i láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì kí ara rẹ̀ má baà bó, á sì máa bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ó ń dá a lóhùn.

Nígbà tó yá, dókítà ní ó ti tó àkókò láti já a lẹ́nu ẹ̀rọ, bí a ti ń já ọmọ lẹ́nu ọmú. Mo bi í bóyá ewúro ni wọ́n máa fi pa á lẹ́nu. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní wọ́n máa dín oògùn oorun kù ni, wọ́n máa dín agbára ẹ̀rọ kù, kí ara rẹ̀ lè rántí pé iṣẹ́ tirẹ̀ ni. Bó bá mí fúnra rẹ̀, wọ́n á yọ rọ́bà. Bí kò bá mí, ẹ̀rọ á tún gbà á. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní rọ́bà kò ṣeé fi sẹ́nu títí lọ. Bó bá kọ̀ tí kò mí, wọ́n á dá ihò sí i lọ́fun kó máa gba ibẹ̀ mí, ó sì lè má kúrò lára ẹ̀rọ mọ́ láé. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò sí ní Aládé. Ohun tó ń sọ ni pé kò ní í délé mọ́. Ọmọ mi di apá àga mú.

Wọ́n dán an wò, kò mí. Wọ́n tún dán an wò, kò mí. Ó lajú o. Bí wọ́n bá ní kó di ọwọ́ nọ́ọ̀sì mú, á dì í mú. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti dín ẹ̀rọ kù, tí nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ ọ́, àyà rẹ̀ á dúró, ẹ̀rọ á sì figbe ta. Dókítà ní ó jọ pé ọpọlọ rẹ̀ ti gbàgbé.

Nígbà tí wọ́n máa tún dán an wò, wọ́n gbà kí èmi àti ọmọ mi wọlé. Nọ́ọ̀sì náà tẹ̀ sí i létí, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, ó ń wí pé, "Màmá, ẹ̀mí. Ẹ̀mí, màmá. Ẹ̀mí."

Ohun tó fẹ́ sọ ni pé "ẹ mí," kó fa èémí sínú. Ọ̀wọ̀ ló fi "ẹ" síwájú ọ̀rọ̀, nítorí àgbà ló ń bá sọ̀rọ̀. Ká ní aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni, kì bá ti fi í síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ì bá sì tán. Ṣùgbọ́n ó fi í síbẹ̀, ohùn rẹ̀ sì wọlẹ̀ níbi tí kò yẹ kó wọlẹ̀. Mo wo ìyàwó mi. Ìka ọwọ́ rẹ̀ ṣí. Ètè rẹ̀ ṣí lára rọ́bà. Ìpéǹpéjú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, gbogbo ara yòókù sì dúró jẹ́ẹ́. Mo fa ọmọ mi lápá. Òun náà ti rí i. Ó ti fi ọwọ́ bo ẹnu.

A sọ fún dókítà pé bó ṣe máa ń rí ní ìjọ bí Ẹ̀mí bá pè é nìyẹn. Mo rò pé ó máa fi mí rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ní ìyá òun náà ń wọ sùtánà. Ó ní ó lè jẹ́ oògùn oorun tí kò tíì tán lára rẹ̀, ó lè jẹ́ àlòkù inú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè jẹ́ ohun tí mo wí. Ó ní kí n pè é bí mo ti máa ń pè é nílé.

Mo tẹ̀ sí i. Mo lè sọ pé "mí," láìsí "ẹ," nítorí èmi kì í fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ti sọ fún aya rẹ̀ rí pé kó mí? Ẹnu mi kò mọ ọ̀rọ̀ náà. Èyí tó mọ̀ ló jáde.

"Iná ń kú o. Fẹ́ná."

Ìpéǹpéjú rẹ̀ dúró. Ó yí ojú sí mi, ojú ẹni tí wọ́n ń yọ lẹ́nu. Mo ní ṣé kò gbọ́ ni, iná ń kú. Ó ká ètè mọ́ rọ́bà náà bí ẹni tó fẹ́ fọn nǹkan, kò sì sí ẹni tó lè fẹ́ná láìkọ́kọ́ fa afẹ́fẹ́ sínú. Àyà rẹ̀ gbé sókè, ó kọsẹ̀ díẹ̀, ó jáde.

Nọ́ọ̀sì náà gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Ó ń wí pé, "Màmá, fẹ́nà, fẹ́nà." Ìyẹn kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ìyàwó mi ń fẹ́ iná tí kò sí níbẹ̀, dókítà ń wo ojú ẹ̀rọ, ọmọ mi ń sunkún sínú gèlè rẹ̀. Ohun tó jẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ run la fi pè é padà. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ti ń ṣe é.

Lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ rọ́bà, tí wọ́n ti gbé e lọ sí yàrá mìíràn, ó ní kí n sún mọ́ òun. Ohùn rẹ̀ há bíi ti àkùkọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kíkọ.

"Ta ló ní kí ẹ pè mí?"

Mo ní èmi ni, pé ó kọ̀ láti mí.

"Ẹ̀mí ń pè mí. Ohùn obìnrin ni. Ibẹ̀ tutù, kò sí èéfín. Mo ti ń dáhùn, ẹ wá ń pariwo iná lé mi lórí."

Ọmọ wa tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kejì rò pé ohun ẹ̀rín ni. Ó ní, "Màmá, nọ́ọ̀sì yẹn ni o. Ó ní kí ẹ mí ni." Ó sín nọ́ọ̀sì náà jẹ, ó ṣe ohùn rẹ̀ gẹ́lẹ́, ó sì rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ kò rín. Ó wò ó, ó tún wò mí.

"Nọ́ọ̀sì ni?"

Mo ní òun ni. Ó yí ojú sí ògiri.

A padà sí Aládé pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré kan tí kò ju rédíò àtijọ́ lọ. Ẹ̀rọ náà kì í gba ọ̀fun. Ìbomú ni, a ó dè é mọ́ ọn lójú bó bá fẹ́ sùn, á máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i kí àlòkù má baà tún kún inú rẹ̀. Ọmọ wa gbé sólà sórí páànù nítorí pé iná ìjọba kò ṣeé gbọ́kàn lé. Bí òjò bá bo ojú ọ̀run fún ọjọ́ mélòó kan, bátìrì á rẹ̀, a ó sì tan jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí ilé, kí èéfín rẹ̀ má baà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ de ìbomú náà, ó wo ara rẹ̀ nínú dígí, ó ní aríran ti di eégún. Mo ní eégún máa ń jó, kó jó kí n wò. Ó gbé èjìká lẹ́ẹ̀kan. A rín in. Mi ò rántí pé a tún rín irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ní ìjọ, ó kúrò níbi tó máa ń jókòó sí, ó lọ jókòó sẹ́yìn nídìí fèrèsé. Bí wọ́n bá ń pe Ẹ̀mí, á máa wo ìta. Àwọn ìyá ìjọ wá bẹ̀ ẹ́. Ó dá wọn lóhùn pé etí òun ti bàjẹ́. Wọ́n rò pé oògùn ló fà á, wọ́n fi òróró sí i létí. Èmi nìkan ló bi ní ìbéèrè náà, lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí a jọ ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí.

"Bàbá, gbogbo èyí tí mo ti ń gbọ́ láti ọjọ́ yìí, ta ló ń sọ ọ́?"

Mo ní Ọlọ́run ni. Ó ní òun náà ló sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó rántí ìgbéyàwó tó ní kí wọ́n má ṣe, tí wọn kò sì ṣe é. Ó rántí ọkùnrin tó ní kó padà sí oko rẹ̀, tó sì padà. Ó ń sọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ju èèpo ẹ̀gúsí sílẹ̀. Ohun tí mo ti gbà gbọ́ nítorí ẹnu rẹ̀, báwo ni mo ṣe máa wá fi ẹnu tèmi gbè é?

Ìgbà tó yá ló sọ èyí tó fi di ẹrù sí mi lọ́rùn. Ó ní, "Bó bá tún mú mi, ìbomú yìí ni kí wọ́n dè mọ́ mi. Kí wọ́n má ti rọ́bà bọ̀ mí lọ́fun mọ́. Mi ò fẹ́ wà níbi tí wọ́n á ti máa pè mí, tí mi ò ní í mọ ẹni tó ń pè mí. Kí ẹ̀yin náà má pè mí."

Mo bi í bóyá ó ti sọ fún ọmọ wa. Ó ní ọmọ wa á bá òun jiyàn, pé èmi lòun sọ fún.

Ọyẹ́ tún dé. Oorun tún bẹ̀rẹ̀. A tún gbé e lọ sí Àkúrẹ́, dókítà mìíràn la bá, obìnrin ni. Wọ́n de ìbomú mọ́ ọn, wọ́n fi ẹ̀rọ tó lágbára ju ti ilé lọ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, wọ́n fún un lábẹ́rẹ́. Ó sàn díẹ̀, ó tún rọlẹ̀. Dókítà pè wá síta, ó ní rọ́bà ló kù, pé kí a tètè sọ̀rọ̀. Ọmọ mi ní kí wọ́n ṣe é, pé kí ni wọ́n ń dúró dè. Mo ní kí wọ́n dúró. Mo sọ ohun tí ìyá rẹ̀ sọ.

Kò gbà mí gbọ́. Ó ní ìgbà wo ló sọ ọ́, níbo, ta ló wà níbẹ̀. Mo ní èmi nìkan ni. Dókítà wọlé lọ, a tẹ̀lé e, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìyàwó mi, ó gbọ̀n ọ́n léjìká, ó bi í bóyá ó fẹ́ rọ́bà. Ìyàwó mi lajú díẹ̀. Ó mi orí pé rárá. Dókítà tún bi í, ó tún mì í. Mo bi ọmọ mi bóyá ó rí i.

"Bàbá, àlòkù ló ń mi orí yẹn. Kì í ṣe màmá mi."

Mi ò lè sọ fún un pé irọ́ ni. Títí di òní mi ò mọ̀. Dókítà wò mí, ó ní èmi ni ọkọ. Mo ní kí wọ́n fi ìbomú sílẹ̀, kí wọ́n má fi rọ́bà sí i. Ọmọ mi jáde. Kò bú mi. Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn. Ó di ọ̀sán ọjọ́ kejì kí ìyàwó mi tó jáde láyé. Afẹ́fẹ́ ń lọ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ kò gbà á mọ́.

Ọmọ mi ṣì máa ń wá sí Aládé bí ilé ìwé bá ti gba ìsinmi. Á gbálẹ̀, á sebẹ̀, á bi mí nípa ẹsẹ̀ tó ń dùn mí. Kì í pẹ́ títí. Ìgbà tó wá kẹ́yìn, ó ń kó abọ́ kúrò níwájú mi, ó béèrè ohun tí mo bá ìyá òun sọ lọ́sàn-án ọjọ́ tó kú, nígbà tí òun ti jáde, tó ku èmi àti ìyá òun nìkan. Mo ní mi ò sọ nǹkan kan. Mo ní mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo dákẹ́, bó ti ní kí n ṣe.

Ó dúró pẹ̀lú abọ́ náà lọ́wọ́.

"Ẹ kò tilẹ̀ pè wọ́n lẹ́ẹ̀kan?"

Mo ní rárá.

Ó gbé abọ́ náà lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ó pẹ́ kó tó padà wọlé.